Oró Àìjẹrà: Ike Inú Òkun, Ẹ̀dá Omi àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Agbègbè Ìsundunrin

Ìṣọnísókí

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn kẹ́míkà olóró tí kì í jẹrà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike inú òkun, tí wọ́n sì ń kó jọ sínú ara ẹja àti àwọn ẹ̀dá omi mìíràn. A ṣe àlàyé bí àwọn kẹ́míkà náà ṣe ń ṣiṣẹ́, a wo ọ̀ràn ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá sí Koko ní ọdún 1988, a sì fi hàn pé ìlú tó jìnnà sí òkun bí Ìsundunrin kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Èrò wa ni pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ yìí yékéyéké. Ṣùgbọ́n olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò lò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ibi tí a ń lọ mu lè ṣi ọmọ lọ́nà.

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ òkun kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú tí kò sí létí òkun. Ìsundunrin jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti ibẹ̀ dé etí òkun sì lé ní 150 kìlómítà. Síbẹ̀, òkun kò ṣàjèjì sí àwọn ènìyàn agbègbè náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ló ti tẹ̀dó sí Abidjan, ìlú etí òkun ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, láti ìran dé ìran. Ẹja òkun pẹ̀lú, yálà Titus, kòtẹ́, ṣàwá tàbí panla, kì í wọ́n ní ọjà wa.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kẹ́míkà tó wà lára ike inú òkun? Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé tọ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe fi hàn ní ìpín kẹfà. Èkejì ni pé èdè fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀ràn náà. Nígbà tí Yorùbá kò bá fẹ́ nǹkan mọ́, a máa ń ní a sọ ọ́ nù, a dà á nù, tàbí a jù ú nù. Ohun tí 'nù' tó parí àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ń wí ni pé nǹkan náà ti lọ, kò ní í padà. Nígbà tó jẹ́ ewé, èèpo iṣu àti pàǹtí ilé ìdáná ni à ń dà nù, òótọ́ ni 'nù' ń sọ, nítorí pé ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n náílọ̀n kì í nù. Ọmọ tó ń sọ náílọ̀n nù lójoojúmọ́ ń fi ẹnu sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni láti là á lójú sí èyí.

2. Kí ni oró àìjẹrà?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò pe kẹ́míkà wọ̀nyí ní májèlé. Nínú èdè ojoojúmọ́, májèlé ni ohun tí ọ̀tá bù sínú oúnjẹ tàbí ohun mímu kí ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Ọ̀rọ̀ náà gbé èrò méjì dání: ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀, ikú rẹ̀ sì yá. Bí olùkọ́ bá wí fún ọmọ pé májèlé wà nínú ẹja òkun, ọmọ náà yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má ra ẹja mọ́. Bí ó bá wá rí i pé gbogbo ilé jẹ ẹja tí ẹnikẹ́ni kò kú, yóò gbà pé irọ́ ni olùkọ́ pa. Oró ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tó lè wà lára ohun alààyè, bí oró ejò tàbí oró àkeekèe. Ó lè pọ̀, ó lè kéré, ó sì lè pẹ́ lára kí ìpalára rẹ̀ tó hàn. Ìdí nìyí tí a fi yan 'oró' dípò 'májèlé'. Ní ti 'àìjẹrà', àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'àì-' ni a fi mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe 'jẹrà', ọmọ tó ti rí ewé tó jẹrà lóko yóò sì mọ ohun tí a ń wí láìsí àlàyé gígùn.

Àbùdá mẹ́rin ni a fi ń dá oró àìjẹrà mọ̀. Èkíní, kì í tètè bàjẹ́. Ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilẹ̀ tàbí nínú omi. Èkejì, ó ń rìn jìnnà. Afẹ́fẹ́ àti omi ń gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti lò ó. Ẹ̀kẹta, ó fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ; bí ó bá wọ ara ẹ̀dá, inú ọ̀rá ni ó ń dúró sí. Ẹ̀kẹrin, ó ń pa ènìyàn àti ẹranko lára. Lára ohun tó lè dà láàmú ni ọmọ bíbí, ìdàgbàsókè ọmọ àti agbára tí ara fi ń bá àrùn jà.

Nítorí àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ọdún yẹn kan náà sì ni Nàìjíríà di ara rẹ̀. Méjìlá ni kẹ́míkà tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. DDT wà lára wọn, èyí tí Paul Müller ṣàwárí ní ọdún 1939 pé ó ń pa kòkòrò, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 1948. PCB wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1929, tí wọ́n sì lò nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná bíi tiransifọ́ọ̀mà. Dioxin tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe dioxin fún títà. Iná àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó ń mú un jáde.

Ní ọdún 2009, wọ́n fi lindane kún un. Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá mọ oògùn yìí dáadáa lábẹ́ orúkọ Gamalin 20, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò kòkó, tí àwọn kan sì ń dà sínú odò láti fi pa ẹja. Nítorí náà, oró àìjẹrà kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́; orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ tuntun.

3. Bí ike ṣe ń gbé oró rìn

Epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike. Nítorí náà ni ike ṣe bá epo tan. Oró àìjẹrà tí kò fẹ́ràn omi, bí ó bá pàdé ike nínú òkun, yóò fi omi sílẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ike.

Ọ̀nà méjì ni oró ń gbà dé ara ike. Ọ̀nà kìíní ni pé láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fi kẹ́míkà sí i. Wọ́n ń fi èyí tí kò ní jẹ́ kí iná tètè jó o sí i, wọ́n sì ń fi èyí tí kò ní jẹ́ kí oòrùn bà á jẹ́ sí i. Ọ̀kan lára àwọn ti oòrùn yìí, UV-328, ni àwọn orílẹ̀-èdè fi kún àkọsílẹ̀ Àdéhùn Stockholm ní ọdún 2023. Ọ̀nà kejì ni pé ike ń fa oró tó ti wà nínú òkun tẹ́lẹ̀ mọ́ra. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Japan fi hàn pé PCB àti DDE, tí í ṣe ohun tí DDT ń dà, lè pọ̀ lára hóró ike ní ìlọ́po 100,000 sí 1,000,000 ju bí ó ṣe wà nínú omi òkun tó yí i ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hideshige Takada tó wà lára wọn dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 2005, nínú èyí tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń ṣa hóró ike létí òkun tiwọn, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí Tokyo fún àyẹ̀wò. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé jáde nípa Ghana ní ọdún 2014 fi hàn pé PCB pọ̀ lára hóró ike etí òkun ní Accra àti Tema ju ti àwọn ìlú kéékèèké etí òkun lọ. Wọ́n tọ́ka sí àlòkù ẹ̀rọ iná mànàmáná tí wọ́n ń tú palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti ń wá.

Ike tó ń wọ òkun kò kéré. Ìṣirò kan tó jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé láàrin mílíọ̀nù 4.8 àti mílíọ̀nù 12.7 tọ́ọ̀nù ike ló wọ òkun láti orílẹ̀-èdè 192 ní ọdún 2010 nìkan. Oòrùn àti ìgbì ń fọ́ ike yìí sí wẹ́wẹ́ títí ẹja yóò fi rò pé oúnjẹ ni.

Ó yẹ kí olùkọ́ má sọ àsọdùn níhìn-ín. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí oró tí ike ń gbé wọ inú ẹja ṣe pọ̀ tó. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá omi, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ni ó ń kó PCB àti DDT wọ ara wọn jù. Ike ń fi kún un ni. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi sí ike láti ilé-iṣẹ́, ẹ̀rí wà. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan rí irú kẹ́míkà adènà-iná kan nínú ọ̀rá ẹyẹ òkun kan. Wọn kò rí i lára ẹja tí ẹyẹ náà ń jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i lára ike tó wà nínú ikùn rẹ̀.

4. Láti ara ẹ̀dá wínníwínní dé ara ẹ̀dá ńlá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oró àìjẹrà ṣe ń wọ ara. Ẹ̀dá wínníwínní inú omi gba ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹja kékeré jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì gba ti gbogbo wọn pọ̀. Ẹja ńlá jẹ ọ̀pọ̀ ẹja kékeré. Nítorí pé oró náà kì í jẹrà, tí kò sì bá ìtọ̀ jáde, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i bí a ti ń gòkè lọ. Ẹ̀dá tó bá wà lókè pátápátá, tó sì ń pẹ́ láyé, ni ó ń ru ẹrù gbogbo wọn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, àbùùbùtán kan, irú èyí tí ń pa ẹran jẹ, kú sí erékùṣù Tiree ní Scotland. Lulu ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Okùn ìpẹja tó wé mọ́ ọn ni ó pa á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rá ara rẹ̀ wò, PCB inú kìlógíráàmù kan tó mílígíráàmù 957, èyí tó wà lára èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì rí lára irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún ó kéré tán, síbẹ̀ kò sí àmì pé ó bímọ rí. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1981 ni Bìrìtìkó ti fi òfin de PCB.

Jíjìnnà kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọ́n rí PCB lára àwọn ẹ̀dá bí edé tó ń gbé ní ibú Mariana nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tó jìn tó nǹkan bí 10,000 mítà. Ní ti ènìyàn, ní àwọn ọdún 1980, wọ́n rí i pé PCB inú omi ọyàn àwọn obìnrin Inuit ní àríwá Quebec, ní Kánádà, tó ìlọ́po márùn-ún ti àwọn obìnrin gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Àwọn Inuit kò ní ilé-iṣẹ́ PCB. Ẹran òkun àti ẹja tí wọ́n ń jẹ ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn kò ní kí wọ́n má fún ọmọ lọ́yàn mọ́, nítorí pé àǹfààní ọyàn ju ewu náà lọ.

5. Ẹ̀kọ́ Koko

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ nílé, Koko ni a ó tọ́ka sí. Láàrin ọdún 1987 sí 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ítálì kó ìdọ̀tí olóró tó tó nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù wá sí Koko, ìlú èbúté lórí odò Benin, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó ti di ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Ilẹ̀ ẹnì kan ni wọ́n yá láti kó àgbá wọn sí, owó tí wọ́n ń san kò sì ju nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù lọ. PCB wà nínú ẹrù náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni ó ta ilé lólobó, ariwo sì ta ní oṣù Kẹfà ọdún 1988.

Ìjọba mú kí wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà sínú ọkọ̀ Karin B àti Deep Sea Carrier. Orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Yúróòpù ni kò gba Karin B láàyè láti gúnlẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba ṣe òfin kejìlélógójì tó de kíkó ìdọ̀tí olóró wọlé, ó sì dá àjọ tí yóò máa bójú tó àyíká sílẹ̀. Ní ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe Àdéhùn Basel lórí kíkó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ kan sí èkejì.

Àwọn ará Koko kò mọ ohun tó wà nínú àgbá tó wà láàrin wọn. Àwọn tó lè ka ohun tí ìwé ìròyìn Ítálì kọ ni ó dá wọn nídè. Ìmọ̀ tí kò dé inú èdè tí ará ìlú gbọ́ kì í gba ará ìlú là, àfi bí ẹlòmíràn bá bá wọn kà á.

6. Ìsundunrin àti òkun

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kan Ìsundunrin. Ọ̀nà omi ni àkọ́kọ́. Àwọn odò wẹ́wẹ́ agbègbè Èjìgbò wà lára àwọn tó ń bọ́ sí odò Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ sí gúúsù títí ó fi dé ọ̀sà, ọ̀sà sì ṣí sí òkun. Náílọ̀n tí ọ̀gbàrá bá gbé lọ nígbà òjò lè má dé òkun lọ́dún kan, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe ju kí ó máa lọ. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe náílọ̀n omi tútù tí a ń pè ní 'pure water' sì wà lára èyí tí ń fa oró mọ́ra jù.

Ọ̀nà kejì ni ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú Titus tí à ń jẹ, láti òkun Àtìláńtíìkì ti apá àríwá ni wọ́n ti ń kó o wá nínú yìnyín. A kò sọ èyí láti lé ènìyàn kúrò nídìí ẹja. Ẹja ń fún ara lókun, ẹja kéékèèké tí kì í pẹ́ láyé kì í sì í kó oró jọ bí ẹja ńláńlá apẹranjẹ. Ohun tí a ń wí ni pé òkun tí ẹlòmíràn bà jẹ́ ń bọ̀ wá sínú àwo wa.

Ọ̀nà kẹta ni iná, òun ni ó sì kan ilé-ẹ̀kọ́ jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí àwọn ọmọ bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, wọn a kó ike, náílọ̀n àti ewé jọ sẹ́yìn kíláàsì, wọn a sì ti iná bọ̀ ọ́. Olùkọ́ a dúró tì wọ́n. Sísun ìdọ̀tí ní gbangba báyìí, pàápàá nígbà tí awẹ́ páìpù tàbí ara wáyà bá wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí dioxin ń gbà wáyé. Èéfín rẹ̀ wọ inú àwọn ọmọ, eérú rẹ̀ bọ́ sórí koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ àti ilẹ̀ tí adìẹ ń tàn. Àwọn àgbà ní ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń kọ́ ọmọ nípa oró àìjẹrà nínú kíláàsì, tí ó sì ń ṣe é lẹ́yìn kíláàsì, èwo ni ọmọ yóò gbàgbọ́?

7. Ìlànà ìkọ́ni

A dábàá ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu ìdánwò ìkọ́ni lè lò fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré. Kò sí èyí tó gba owó nínú wọn.

(i) Ní ọ̀sẹ̀ kìíní sáà ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ ri ewé eéran kan àti náílọ̀n kan mọ́lẹ̀ sójú kan, kí wọ́n sì fi igi sàmì sí i. Ní òpin sáà, kí wọ́n hú u. Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ èyí tó jẹrà àti èyí tí kò jẹrà.

(ii) Kí olùkọ́ bu omi sínú abọ́, kí ó kán epo pupa díẹ̀ sí i, kí ó sì fa náílọ̀n kọjá lójú omi náà. Omi yóò ṣàn kúrò lára náílọ̀n, epo yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Báyìí ni oró ṣe ń lẹ̀ mọ́ ike nínú òkun.

(iii) Kí olùkọ́ mú ọmọ ayò 48. Ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan dúró fún oró inú ẹ̀dá wínníwínní kan. Kí àwọn ọmọ mẹ́jọ jẹ́ ẹja kékeré, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó mẹ́fà. Kí àwọn méjì jẹ́ ẹja ńlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ti ẹja kékeré mẹ́rin, tí í ṣe 24. Kí ọmọ kan jẹ́ apẹja, kí ó gba gbogbo rẹ̀. Kí olùkọ́ wá béèrè pé: nínú 48, èwo ni ó nù?

(iv) Kí àwọn ọmọ kọ gbólóhùn márùn-ún tí 'sọ nù', 'dà nù' tàbí 'jù nù' wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà nù lóòótọ́. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ àròkọ lórí àkọlé yìí: 'Níbo ni náílọ̀n tí mo lò lánàá wà báyìí?' Ẹ̀kọ́ gírámà àti ẹ̀kọ́ àyíká di ọ̀kan náà níhìn-ín.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé oró àìjẹrà ń bá ike rìn, ó ń kó jọ sínú ẹ̀dá omi, jíjìnnà sí òkun kò sì yọ ìlú kankan sílẹ̀. A tún ti sọ pé 'oró' dára ju 'májèlé' lọ fún ìkọ́ni, nítorí pé kò dẹ́rù ba ọmọ, kò sì purọ́ fún un.

A dábàá pé kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ọ̀rọ̀ àyíká kún iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ṣe. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún ìdánwò ìkọ́ni bá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ike tí wọ́n ń sun, kí wọ́n ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára ewé, kí wọ́n sì kó o pamọ́ fún àwọn tó ń ra àlòkù níbi tí wọ́n bá wà. Ewé lè jẹrà ní ẹ̀yìn kíláàsì. Yóò di ilẹ̀dú fún ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Náílọ̀n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, tó sì lè sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, ti ní ohun tí àwọn ará Koko kò ní ní ọdún 1988.